Bébà Tí Ìyàwó Mi Fi Dúpẹ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ omi àgbàdo ni ìyàwó mi ń bá mi sọ. Ó ti ní kí àbúrò rẹ̀ bá òun rẹ àgbàdo funfun sínú bàsíà fún ògì, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ìrọ̀rí ti ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo bàsíà náà bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ jí i.

"Bàbá Rẹmí, ẹ ti pààrọ̀ omi yẹn?"

"N óò pààrọ̀ ẹ̀."

"Ohun tí ẹ sọ lánàá náà nìyẹn. Bó bá rùn, ẹ̀yin lẹ máa mu ún."

"Mo ti ń mu ògì ẹ láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú. Mo ti mu èyí tó rùn rí, n ò sọ̀rọ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ọwọ́ di ikùn rẹ̀ mú, nítorí ẹ̀rín náà dùn ún. Nígbà tí oòrùn yí, èémí rẹ̀ kò já gaara mọ́. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí wọ́n tó lu agogo ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti lọ. Nígbà tí mo padà délé, bàsíà náà wà níbi tó wà, n kò sì pààrọ̀ omi inú rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ ilé ìwé wa ní Kétu ló ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ ohun tí ojú wa rí lẹ́nu iṣẹ́, kí àwọn ọmọ tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn lè rí nǹkan kà. Àwọn yòókù ti kọ tiwọn tipẹ́. Tèmi ló pẹ́. Bí ẹ bá rí ìbínú nínú rẹ̀, ẹ má rò pé mo kórìíra iṣẹ́ náà. Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni inú ṣe ń bí mi.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ṣe. Bí mo ṣe wọ inú rẹ̀ kò gba àlàyé: mo kàwé dé Kútọnu, wọ́n kọ́ mi, ìjọba dá mi padà sí ilé ìwòsàn kan lórí òkè wa níbí, owó oṣù ń wọlé, a fi tọ́ ọmọ. Ó tán. Ọ̀rọ̀ tó kù ni ọ̀rọ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an ni Ọ̀gá Ìdòwú, olórí labó, yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Idigny tí kì í gbé ohùn sókè. Ó ní àṣà kan tó ń sú gbogbo ilé ìwòsàn. Bébà tí dókítà fi rán aláìsàn wá kò tó fún un. Kí abẹ́rẹ́ tó kan ara ẹnikẹ́ni, ìwọ tí o fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jókòó ti onítọ̀hún, kí o bi í ohun tó ń ṣe é àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ obìnrin, o óò bi í bóyá ó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, bóyá ó lóyún. O óò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bébà náà. Bí ẹ̀yìn bébà bá funfun, ọ̀gá kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà dé orí tábìlì iṣẹ́.

Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kútọnu dé, tí mo wọ bàtà dídán, mo rò pé àgbà ló ń dà á láàmú. Ní àárọ̀ kan tí èrò pọ̀, mo gba ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan láìbi í ní nǹkan kan. Ọ̀gá mú bébà rẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Gabíríẹ́lì, kí ló ń ṣe obìnrin yìí?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, ọ̀gá. Wọ́n ní ká wo bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó."

"Ohun tí wọ́n fẹ́ kí á wò nìyẹn. Ohun tó ń ṣe é ni mo bi ẹ́."

N kò mọ̀ ọ́n.

"Lọ bi í."

"Ọ̀gá, ó ti lọ sí ibi mọ́tò."

"Ṣé ibi mọ́tò ti kúrò ní Kétu ni?"

Mo fi bàtà dídán mi sáré nínú eruku pupa. Mo bá obìnrin náà tó ti jókòó sínú ọkọ̀, ó gbé igbá lé itan. Nígbà tó rí mi, ó pariwo sí àwọn tó jókòó tì í pé, "Ẹ wò ó, ó tún padà wá. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ń mu ún ni?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bi í ní ojú gbogbo wọn, pẹ̀lú ohùn kékeré, bóyá nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀ jù. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fà mí sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì sọ fún mi pé ó ti ń dà bí omi láti ìgbà tí òun ti bí àbígbẹ̀yìn òun, òun kò sì sọ ọ́ fún dókítà nítorí pé ọkùnrin ni. Ohun tó ń fa àìlẹ́jẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ inú igò kò sì lè sọ ọ́ fún wa láéláé.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn bébà mi kò funfun mọ́.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo dé, dígí kan ló wà lábẹ́ mikiroskópù wa, tí a ń yí sí oòrùn kí a tó rí kòkòrò ibà. Bí òjò bá ṣú, iṣẹ́ dúró. Iná dé, dígí lọ. Ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ dé, kíkà wa dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò tí mo fẹ́ bá yín sọ wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní àmì jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó kan ilé ẹyin obìnrin jù lọ, CA 125 ni wọ́n ń kọ sórí bébà rẹ̀.

A kò ní ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà náà. A máa ń kó ẹ̀jẹ̀ sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, a ó gbé e fún taksí Kútọnu. Àwọn èrò ọkọ̀ kì í fẹ́ jókòó tì í. Màmá kan sọ fún awakọ̀ lójú mi pé, "Gbé e kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Bó bá dà sí mi láṣọ, ta ni mo fẹ́ sọ fún pé n ò pa èèyàn?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan yìí dáadáa, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Bí jẹjẹrẹ bá wà ní ilé ẹyin obìnrin, ó sábà máa ń tú nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀, a sì lè wọn iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan oṣù lè mú iye náà ga. Oyún lè mú un ga. Kókó inú ilé ọmọ, ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn, ikọ́ ife tó wọ inú ikùn, gbogbo wọn lè mú un ga, láìsí jẹjẹrẹ kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹjẹrẹ ilé ẹyin wà tí kì í mú un ga rárá, pàápàá nígbà tó ṣì kéré, tí ọwọ́ dókítà ṣì ká a. Nítorí náà, iye yẹn nìkan kì í ṣe ìdáhùn. Dókítà gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tẹ ikùn náà. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹkografí, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo ilé ẹyin bóyá àpò omi lásán ló wà níbẹ̀ tàbí nǹkan líle. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá obìnrin náà ṣì ń rí nǹkan oṣù tàbí ó ti kúrò níbẹ̀. Nígbà náà ni yóò mú iye inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ àwọn yòókù. Bí wọ́n bá sì ti rí jẹjẹrẹ, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, iye náà wúlò gan-an láti fi mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. N kò sọ pé àyẹ̀wò náà kò dára. Mo ní kò lè dá dúró.

Mo rí i lójú mi. Ìyàwó kékeré kan láti Okpomèta wá pẹ̀lú inú rírun tí kò jẹ́ kó bímọ. Iye rẹ̀ ga. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ti kú. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bébà pé nǹkan oṣù rẹ̀ ló ń ṣe ní ọjọ́ tí mo gba ẹ̀jẹ̀ náà, àti pé ìgbà nǹkan oṣù ni inú náà máa ń run ún jù. Dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ nígbà náà ka iwájú, ó ka ẹ̀yìn, ó fi ẹkografí wò ó. Àpò ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ ló wà ní ilé ẹyin rẹ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọ́n yọ àpò náà, wọ́n fi ilé ẹyin sílẹ̀. Obìnrin náà bímọ. Ìyá rẹ̀ gbé iṣu wá sí labó, Ọ̀gá Ìdòwú sì ní kí n bi í léèrè oko wo ló ti wa iṣu náà kí n tó gbà á.

Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn náà ó kú. Àwọn ẹ̀rọ tuntun dé tí kò nílò bébà. Àlẹ̀mọ́ kékeré onílà dúdú ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ igò, ẹ̀rọ á fi ojú kà á, àlẹ̀mọ́ náà kò sì ní ẹ̀yìn tí èèyàn lè kọ nǹkan sí. Mo ṣì ń bi àwọn aláìsàn léèrè. Àwọn ọ̀dọ́ labó sọ mí ní Bàbá Ìbéèrè. Nígbà tó yá, èmi náà fẹ̀yìn tì.

Ìyàwó mi, Ìyá Rẹmí, ń ro oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lọ́nà Okpomèta. Obìnrin tó lágbára ni. Ó ti kúrò ní nǹkan oṣù tipẹ́. Ní àsìkò òjò kan, mo rí i pé ó ń so ìró rẹ̀ sókè ju bó ṣe máa ń so ó tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í lè jẹun tán mọ́, ó sì ń dìde lọ tọ̀ ṣáá. Níbí, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ ikùn obìnrin bí ẹni tó ni ín kò bá kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i pé ikùn rẹ̀ ń wú, wọ́n dákẹ́. Èmi sọ ọ́. Mo ní kí á lọ ṣe ẹkografí. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí òun kọ́kọ́ kó àgbàdo òun wọlé.

Kí àgbàdo tó wọlé, ilé iṣẹ́ àdáni kan ti Kútọnu dé pẹ̀lú àgọ́ funfun àti gbohùngbohùn. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ń kígbe láàárín ọjà pé kí àwọn obìnrin wá mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ wà nínú ara wọn, pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ péré ló gbà. Wọ́n ń tà á bí ẹni ń ta ọṣẹ. Ìyá Rẹmí bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ. Ó wọ aṣọ tó dáa. Ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Èsì dé. Iye rẹ̀ kéré. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó lábẹ́ àgọ́ tẹ òǹtẹ̀ lù ú, ó ní, "Màmá, ẹ lọ dúpẹ́. Kò sí jẹjẹrẹ lára yín."

Ó sì lọ dúpẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jó dé iwájú pẹpẹ pẹ̀lú àgbàdo tuntun. Ó gbé àpò ìwé èsì náà sókè, fáda wọ́n omi sí i, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi ni mo gbé iṣu tẹ̀ lé wọn. Kí ni ǹ bá ṣe? Kí n dá ijó dúró láàárín ṣọ́ọ̀ṣì?

Nílé, mo ní, "Ìyá Rẹmí, jẹ́ ká lọ ṣe ẹkografí yẹn lọ́sẹ̀ yìí."

"Ẹkografí kí ni? Ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ?"

"Mo gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wò, wọn ò wo inú."

"Ẹ̀yin tí ẹ fi ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn jẹun títí irun yín fi funfun, ẹ wá ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ò mọ nǹkan?"

"Mo ní kò mọ gbogbo nǹkan."

"Mo ti dúpẹ́, Bàbá Rẹmí. Ẹ̀yin náà lẹ gbé iṣu. Ṣé kí n wá padà lọ sọ fún Ọlọ́run pé mo kánjú ni? Kí n sọ kí ni fún àwọn ẹgbẹ́ mi?"

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibí lè máà mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wúwo tó. Lórí òkè wa, ì báà jẹ́ onígbàgbọ́, ì báà jẹ́ ìmàle, ì báà jẹ́ ẹni tó ń bọ òòṣà bàbá rẹ̀, ẹni tó bá ti dúpẹ́ ní gbangba kì í tún lọ wá àìsàn yẹn kiri ní ilé ìwòsàn. Ó dà bí ẹni tó ń pè é padà, ó sì dà bí ẹni tó gba ọpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn tó gbé àgọ́ wá kò mọ èyí, wọn kò sì bèèrè. Wọ́n rò pé bébà lásán ni àwọn fi lé e lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni wọ́n tì mọ́ ọn.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo rán fáda sí i. Fáda sọ fún un pé ọpẹ́ kò ní kí èèyàn má lọ rí dókítà, ó dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun ti gbọ́, kò sì lọ. Nígbà tí ìró kò so mọ́, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ẹgbẹ́ wá dì mọ́ ọn, tó ń sunkún, ni ó tó gbà. Ẹkografí fi kókó ńlá kan hàn ní ilé ẹyin kan, ìkejì náà ti wú, omi sì kún ikùn. Ní Kútọnu, wọ́n ṣí i, wọ́n yọ ohun tí wọ́n lè yọ. Dókítà oníṣẹ́ abẹ náà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bá mi sọ òtítọ́ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ó ní jẹjẹrẹ náà ti tàn ká, àti pé irú èyí kì í sábà mú àmì inú ẹ̀jẹ̀ ga. Ó ní ká ní a rí i nígbà tó ṣì wà ní ojú kan, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. N kò sọ ọ́ fún Ìyá Rẹmí. Mo rò pé ó mọ̀. Nínú taksí tí a bá padà, ó ní, "Ẹ má bá àwọn ẹgbẹ́ mi jà. Àwọn náà jó tọkàntọkàn ni."

N kò bá wọn jà. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo mú bébà èsì rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀gá wọn gbà mí dáadáa, ó ní kí n jókòó, ó fún mi ní omi tútù. Ó wo bébà náà.

"Pápà, ẹ kú àrafẹ́rakù. Ṣùgbọ́n iye yìí tọ́. Ẹ̀rọ wa kò ṣe àṣìṣe."

"Mo mọ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi nìyẹn. Ẹ̀rọ yín kò ṣe àṣìṣe."

"Kí wá ni ẹjọ́ yín?"

"Ta ló bi í ohun tó ń ṣe é?"

"Pápà, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ labó. Iṣẹ́ dókítà ni."

"Dókítà wo ló wà lábẹ́ àgọ́?"

Ó ní òun yóò fi ọ̀rọ̀ náà ṣọwọ́ sí àwọn tó ga ju òun lọ, ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Lára ògiri wọn, mo rí àwòrán àgọ́ funfun náà àti orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n tún ń lọ. Kétu wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ẹ kò bi léèrè, ẹ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kì í ṣe iṣẹ́ yín. Ọkùnrin tó fún mi ní omi tútù yẹn ń purọ́ fún ara rẹ̀. Iṣẹ́ labó gan-an nìyẹn.

Fún oṣù mélòó kan, oúnjẹ tí àwọn ọmọ àti aládùúgbò gbé wá ni mo ń jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kan nínú ọyẹ́, mo bu àgbàdo funfun láti inú àpò Ìyá Rẹmí, mo rẹ ẹ́ sínú bàsíà kan náà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní àràárọ̀, kí n tó fọ ẹnu, mo ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọ̀, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ yà fún mi láìsọ̀rọ̀, àfi ọ̀kan tó ní, "Bàbá Rẹmí, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó dà á o." Mo fi aṣọ tó máa ń fi sẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Mo jókòó tì í kó tòrò. Funfun lọ sísàlẹ̀, omi dúró lókè, ó mọ́, bí omi orí ẹ̀jẹ̀ tó ti sinmi nínú igò.

Mo ń rò ó lórí iná nígbà tí Sikírátù wọlé, ọmọ aládùúgbò wa, ìyàwó ilé tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmú. Àwọn alágọ̀ọ́ ti padà wá. Bébà wà lọ́wọ́ rẹ̀, iye orí rẹ̀ ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Bàbá, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Ẹ bá mi wò ó."

Mo gbà á, mo dojú rẹ̀ dé orí tábìlì. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Mo wá bírò. Mo bu ògì sí ife, mo gbé e fún un.

"Mu nǹkan yìí ná. Èmi ni mo ṣe é."

Ó tọ́ ọ wò. "Bàbá, ó ki jù."

"Mo mọ̀. Máa mu ún. Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yìí, ṣé nǹkan oṣù rẹ ń ṣe?"

Ó gbé ife kúrò lẹ́nu, ó wò mí. "Ó ń ṣe. Wọn ò bi mí."

Mo kọ ọ́. Mo sọ fún un pé bébà yẹn kò tíì sọ pé jẹjẹrẹ ni, pé a ó lọ ṣe ẹkografí ní ọ̀la, èmi yóò tẹ̀ lé e, kí ó má sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí rẹ̀ títí a ó fi dé. Mo tún bi í nípa inú rírun, ó ń sọ, mo ń kọ. Nígbà tó sọ tán, ife náà ti gbẹ, ó sì na án sí mi pé kí n bu sí i.